Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aṣòfin Ọ̀yọ́ ní Àbújá: Ta Ló Ń Bá Yín Kọ Òfin Sìgá?

Ẹ̀yin sẹ́nétọ̀ wa mẹ́ta, ẹ̀yin aṣojú-ṣòfin wa mẹ́rìnlá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ kú ìrìn Àbújá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí mo ti dìbò fún rí ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dààmú ara rẹ̀ láti wádìí ẹni tó rán mi níṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: nígbàkigbà tí òfin tó kan ilé-iṣẹ́ ńlá láti òkè òkun bá wà níwájú yín, ẹ jẹ́ kí á mọ àwọn tó ń wọlé tọ̀ yín. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n wá, ẹ so ìwé tí wọ́n kó fún yín mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé e síbi tí aráàlú á ti lè kà á.

Òfin sìgá ni màá fi la ọ̀rọ̀ náà yé yín, torí ìpínlẹ̀ wa ló jókòó lé lórí.

British American Tobacco, BAT tí gbogbo wa mọ̀, kì í ṣe àlejò níbí. Láti 1912 ni wọ́n ti ń bá wa ṣòwò. Ní 1933 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tó di 1937 wọ́n kọ́ èyí tó tóbi sí Ìbàdàn. Ní 1951 ó di Nigerian Tobacco Company, NTC, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára títì kan ní Ìbàdàn títí dòní. Àwọn ará Òkè-Ògùn ló ń gbin ewé fún wọn. Ẹni tó bá dàgbà lọ́dọ̀ wa mọ abà tí wọ́n fi ń gbẹ ewé tábà: ilé amọ̀ gíga tí kò ní fèrèsé, ewé tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ní ìpele ìpele títí dé òkè, iná igi tó ń jó nísàlẹ̀ tọ̀sán-tòru, igbó tó ń dín kù lọ́dọọdún nítorí igi ìdáná. Ẹni tó bá ń ká ewé náà láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, òòyì lè kọ́ ọ, ó sì lè máa bì, nítorí oró inú ewé náà ń gba awọ ara wọlé.

Ilé-iṣẹ́ ló ń yá àgbẹ̀ ní irúgbìn àti ajílẹ̀. Nígbà tí ewé bá gbẹ tán, òun náà ló ń wò ó pé èyí dára, èyí kò dára tó. Òun ló ń sọ iye tó máa san. Òun ló ń yọ gbèsè rẹ̀ kúrò kó tó ka ìyókù lé àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan náà ni olówó èlé, òun ni oníwọ̀n, òun ni akọ̀wé. Mo ń sọ èyí nítorí pé nígbà tí mo ka òfin sìgá wa láti òkè délẹ̀, ọwọ́ oníwọ̀n yẹn ni mo ń rí nínú rẹ̀.

Ìjọba alágbádá kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí BAT bá ìjọba Ọbásanjọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án 2001. Wọ́n ní àwọn á ná 150 mílíọ̀nù dọ́là sórí ilé-iṣẹ́ tuntun. Ní oṣù Kẹfà 2003, wọ́n ṣí i ní Ìbàdàn pẹ̀lú ayẹyẹ. Ẹ wo déètì yẹn dáadáa. Ní oṣù Karùn-ún 2003, oṣù kan péré ṣáájú, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní Geneva, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí àdéhùn àgbáyé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ láti dín lílo tábà kù. Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn náà ní 2004, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2005. Ọwọ́ ọ̀tún wa ń gé rìbọ́ọ̀nù ní Ìbàdàn, ọwọ́ òsì wa ń fọwọ́ síwèé pé kí tábà dínkù.

Abala 5.3 nínú àdéhùn yẹn ṣe kedere. Ó ní orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ dáàbò bo ètò ìlera rẹ̀ kí àwọn oníṣòwò tábà má baà yí i sí ọ̀nà tó wù wọ́n. Ẹ má gbàgbé abala yìí, màá padà wá bá a.

Sẹ́nétọ̀ Olorunnimbe Mamora láti Èkó ló gbé àbá òfin sìgá wá sí Ilé Aṣòfin Àgbà. Ní 2009 wọ́n pe ìpàdé ìtagbangba lé e lórí. Àwọn dókítà wá, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ wá, àwọn oníṣòwò tábà náà wá sọ tẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti àgbẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé síwájú: pé bí òfin bá le jù, ebi á pa Ìbàdàn, ebi á pa Òkè-Ògùn. Ní 2011, Ilé méjèèjì fọwọ́ sí àbá náà. Ó dé orí tábìlì Ààrẹ Jonathan. Ó sùn síbẹ̀, kò jí.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ní oṣù Karùn-ún 2015, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Jonathan gbé ìjọba sílẹ̀, ó buwọ́ lu òfin mìíràn. A yọ̀, a ní ó sàn ju kò sí lọ. Òfin náà ní kí wọ́n má ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí wọ́n má tà á ní ẹyọ-ẹyọ, kí páálí kan má dín ní ẹyọ 20, kí ìkìlọ̀ gba ìdajì ojú páálí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn nǹkan méjì kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kó máa han yín léèmọ̀.

Èkíní, ìgbìmọ̀ tí òfin náà dá sílẹ̀ láti máa darí ọ̀rọ̀ tábà fún ìjọba: òfin fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ Nàìjíríà, Manufacturers Association of Nigeria, ní àga kan níbẹ̀. Inú ẹgbẹ́ yìí ni àwọn tó ń ṣe sìgá wà. Ṣé ẹ rántí abala 5.3? Àwa tí a ṣèlérí fún gbogbo ayé pé a ò ní jẹ́ kí oníṣòwò tábà dá sí ètò ìlera wa, àwa la tún bu àga fún wọn nínú yàrá ibi tí a ti ń ṣètò náà.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ń kà á kíá lè fò ó. Ní ọ̀pọ̀ òfin ilẹ̀ wa, Mínísítà ló ń ṣe ìlànà tó máa mú òfin ṣiṣẹ́. Òfin ní kí ìkìlọ̀ wà. Ìlànà ló máa sọ àwòrán wo, báwo ló ṣe máa tóbi, ọjọ́ wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Nínú òfin sìgá, wọ́n fi kún un pé ìlànà Mínísítà kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ àfi tí Ilé Aṣòfin Àgbà àti Ilé Aṣojú-ṣòfin bá fọwọ́ sí i. Gbólóhùn kan péré. Ẹ wo ohun tó dá sílẹ̀: òfin jáde ní 2015, ìlànà kò rí ọ̀nà jáde títí di 2019, àwòrán ìkìlọ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú páálí àfi ní 2021. Láàárín ìgbà yẹn, sìgá ń tà. Lágbàáyé, tábà ń pa ju mílíọ̀nù 7 ènìyàn lọ lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn àgbàlagbà tó ń lo tábà ní Nàìjíríà ní 2012, wọ́n rí i pé wọ́n tó mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀.

Ta ló dá gbólóhùn yẹn lábàá? Ọjọ́ wo ni wọ́n fi í sínú àbá òfin náà, ta ló sì wà ní ìjókòó? Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú Ilé nìkan lẹ lè dáhùn. Mo mọ̀ pé Òfin Ẹ̀tọ́ sí Ìròyìn ti 2011 fún mi láyè láti kọ̀wé béèrè, kí ọ́fíìsì ìjọba sì dá mi lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ, kò sí òfin tó lè mú un jáde. Kò sí ohun tó ní kí aṣòfin kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣojú ilé-iṣẹ́ báyìí wá kí mi lánàá, ó mú àbá ìlà mẹ́ta wá, a jẹun pọ̀. Bí wọ́n bá ti jáde, ó parí náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: mi ò sọ pé ẹnì kan gba àpò owó. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ KBR ti Amẹ́ríkà jẹ́bi níwájú ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní 2009 pé wọ́n fún àwọn aláṣẹ wa lábẹ̀tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè gba iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ gáàsì ní Bonny, a mọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, wọ́n sì san ìtanràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò ìjọba Amẹ́ríkà ni owó náà lọ. Ohun tí mò ń sọ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin rárá. Ọkùnrin oníkóòtù kan wá kí yín. Ó mọ̀wé, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó mú ìṣirò wá. Kò sẹ́ni tó mú ìṣirò mìíràn wá lọ́jọ́ yẹn, torí dókítà tó yẹ kó mú un wá wà ní ilé ìwòsàn UCH, aláìsàn tò síwájú rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin yẹn sọ á wá di òye yín lórí ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí òfin gba ibi tí aráàlú kò rán an.

Ẹ tún wò ó pé kì í ṣe sìgá nìkan. Ní oṣù Kejìlá 2010, lẹ́tà àṣírí tí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá fi ránṣẹ́ sílé jáde síta. Nínú rẹ̀, Ann Pickard, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Shell fún ẹkùn wa nígbà náà, sọ fún aṣojú Amẹ́ríkà pé Shell ti fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ṣe pàtàkì, àti pé wọ́n ń rí gbogbo ohun tí ìjọba ń ṣe níbẹ̀. Àbá òfin epo rọ̀bì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Àbá òfin yẹn kò di òfin títí di 2021. Owó-orí náírà 10 lórí lítà mínírà aládùn náà, nínú Òfin Ìṣúná 2021, ẹ ṣì rántí ariwo tí àwọn oníléeṣẹ́ pa. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti pariwo. Ẹ̀tọ́ tiwa ni láti mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì.

Àwọn kan máa sọ pé orílẹ̀-èdè kékeré kò lè bá ilé-iṣẹ́ ńlá jà. Ẹ wo Uruguay. Tabaré Vázquez, tó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà, dókítà jẹjẹrẹ ni. Ìjọba rẹ̀ ní kí ìkìlọ̀ gba 80% ojú páálí. Ní 2010 Philip Morris, ilé-iṣẹ́ sìgá ńlá mìíràn, gbé orílẹ̀-èdè náà lọ síwájú àwọn onídàájọ́ ìdókòwò àgbáyé. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi jà á. Ní oṣù Keje 2016 ilé-iṣẹ́ náà fìdí rẹmi, wọ́n sì ní kí ó san mílíọ̀nù 7 dọ́là fún Uruguay nítorí ìnáwó ẹjọ́.

Ní Togo níbí, tí àwọn ọmọ ìyá wa wà ní Atakpamé, ìjọba ń gbèrò láti jẹ́ kí páálí sìgá má ní àwọ̀ àti àmì ilé-iṣẹ́ mọ́. Philip Morris kọ̀wé sí mínísítà ní 2013, ó kìlọ̀ pé ẹjọ́ òwò àgbáyé tí kò ní òǹkà ló máa tẹ̀lé e. Ẹ fi ara yín sí ipò mínísítà Togo. Ta ni lọ́yà rẹ̀? Owó wo ló máa fi gbà á? Lẹ́tà ojú ìwé díẹ̀ lè pa òfin kan sínú oyún, kò ní dé ilé ẹjọ́ kankan.

Kenya ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ìlànà tábà tí wọ́n ṣe ní 2014 fi ààlà sí bí òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò tábà ṣe lè máa pàdé. BAT gbé ìlànà náà lọ ilé ẹjọ́, ìlànà ìpàdé yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n ń bá jà. Wọ́n jà á láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, níbi tí wọ́n ti pàdánù ní oṣù Kọkànlá 2019. Ní Uganda náà, wọ́n pàdánù lọ́dún yẹn kan náà. Mo bi yín: bí ìpàdé wọn pẹ̀lú àwọn aláṣẹ kò bá níye lórí, kí ló dé tí wọ́n fi ná owó lọ́yà tó báyẹn láti dáàbò bò ó?

Àwa náà ní agbára, bí a bá fẹ́. Àjọ tó ń rí sí ìdíje àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, gba àṣẹ ilé ẹjọ́, wọ́n wọ àwọn ọ́fíìsì BAT ní 2021, wọ́n kó ìwé. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2023, wọ́n kéde pé ilé-iṣẹ́ náà máa san 110 mílíọ̀nù dọ́là nítorí bó ṣe ń lo agbára rẹ̀ lórí ọjà. Àjọ Nàìjíríà ló ṣe é, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ Nàìjíríà. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́, mo tiẹ̀ ra gúgúrú jẹ. Ṣùgbọ́n ìwà lórí ọjà ni ẹjọ́ yẹn dá lé. Ti inú yàrá òfin kò sí lọ́wọ́ FCCPC, ọwọ́ yín ló wà.

Ní báyìí, ẹ bá mi dé Ìwó Road nírọ̀lẹ́. Ìyá kan pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì: Tom Tom, bisikí, omi inú ọ̀rá, páálí sìgá mẹ́rin tí wọ́n ti já. Iná ìṣáná kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Àwọn kọndọ́kítọ̀ ń ra ẹyọ kan, ẹyọ méjì. Àwòrán ìkìlọ̀ tí a fi ọdún mẹ́fà dúró dè wà lára páálí, páálí náà sì kọjú sí ìyá. Ẹni tó ra ẹyọ kan kò rí i. Gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, ìyá yìí ló ń rú òfin. Bí ẹ bá sì pariwo jù lórí lẹ́tà mi yìí, òun ni tásíkì fọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ kó lọ́jà. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ló wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń kọ òfin.

Mo sì mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn. Ẹ máa ní iṣẹ́ ń bẹ ní Ìbàdàn nítorí ilé-iṣẹ́ yìí, àgbẹ̀ ń jẹun ní Òkè-Ògùn. Òótọ́ ni. Àwọn ẹbí mi wà lára àwọn tó jẹun níbẹ̀, mi ò sì sọ pé kí ẹ ti ilé-iṣẹ́ kankan pa. Àdéhùn àgbáyé yẹn kan náà ní kí ìjọba wá iṣẹ́ mìíràn tó lérè fún àgbẹ̀ tábà. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn gba ẹ̀gúsí, ó gba káṣú, ó gba iṣu. Ọ̀nà tó dára láti gbé e dé ọjà ni kò sí. Ẹ tún máa rántí kànga ẹ̀rọ àti ètò ọ̀gbìn tí àjọ àánú ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe láti 2002. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ẹ lọ sí ìlú tí wọ́n ti gbẹ́ irú kànga bẹ́ẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá ọba ìlú náà lè bá yín dìde lòdì sí wọn ní ìpàdé ìtagbangba.

Lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú yín máa ní àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti sìgá náà ń gba owó òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni. Owó Michael Bloomberg, olówó ńlá ará Amẹ́ríkà, wà nínú ìjà yìí káàkiri àgbáyé, ó wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Mi ò ní kí ẹ fi tiwọn pamọ́. Ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan náà: ẹni tó wá, ẹni tó san owó ọkọ̀ rẹ̀, ohun tó béèrè. Èmi náà, bí mo bá wá sí ọ́fíìsì yín lọ́la, ẹ kọ tèmi.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ gbé àtúnṣe òfin sìgá wá kí àga àwọn oníléeṣẹ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Nínú àtúnṣe yẹn kan náà, ẹ dá agbára ṣíṣe ìlànà padà fún Mínísítà Ìlera, kí ìkìlọ̀ tuntun má tún máa fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró lẹ́nu ọ̀nà yín. Èyí kẹta kò nílò àtúnṣe òfin, kò nílò ìbò, kò nílò kí ẹ lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ. Ẹ̀yin mẹ́tàdínlógún lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀: ìwé àkọsílẹ̀ àlejò, tí ẹ ó máa gbé jáde lóṣooṣù, fún gbogbo ẹni tó bá wá sọ̀rọ̀ òfin fún yín ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí àjọ.

Bí ẹnì kan nínú yín kò bá fẹ́, kó sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, lórí rédíò ní Ìbàdàn, ní èdè Yorùbá, kí àwọn tó dìbò fún un gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbé tirẹ̀ jáde, ká tiẹ̀ ní orúkọ méjì péré ló wà nínú rẹ̀, màá gbé e kiri gbogbo Ìsẹ́yìn fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìsẹ́yìn kan ní Ìbàdàn